Tí ìlú ńlá bá fẹ́ gba àdúgbò yín mọ́ ara rẹ̀ ní Texas: bí ẹ ó ṣe mọ panápaná tó ni yín

Ẹ mú ìwé owó orí ilé yín tó kẹ́yìn, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá ń gbé ní apá Katy, Cypress, Richmond tàbí Spring, nítòsí Houston, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlà kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ ESD sí (Emergency Services District, àjọ iṣẹ́ pàjáwìrì), tí nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka ìlà yẹn sí, torí owó tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé-ìwé àti ti MUD, àjọ tó ń pèsè omi àdúgbò. Owó panápaná yín nìyẹn. Ọjọ́ tí ìlú ńlá kan bá sọ pé òun fẹ́ gba àdúgbò yín mọ́ra, ìlà yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè nípa rẹ̀.

Inṣọ́ránsì ilé ni mo ń tà, n kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè ta inṣọ́ránsì ilé kan láìmọ panápaná tó sún mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí àwọn ará wa fi máa ń pè mí tí lẹ́tà bá ti dé láti ọ̀dọ̀ ìlú. Bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tíì kí mi tán lórí fóònù tó fi ní, “Ìyá Tóbi, ṣé àwọn tó ń wá tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì máa wá paná, àbí àwọn ti ìlú?” Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, torí owó orí ni àwọn yòókù máa ń bèèrè.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ ibi tí ẹ wà báyìí. Ẹ má fi àdírẹ́sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè kọ Houston sára gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé yín kó má sì jẹ́ inú ìlú Houston ni ilé yín wà; bí ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe ń pín lẹ́tà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kò kan ààlà ìlú. Ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ojú ewé iléeṣẹ́ tó ń díye lé ilé ní káúńtì yín: Harris Central Appraisal District fún àwọn tó wà ní Harris, Fort Bend Central Appraisal District fún àwọn ti Fort Bend. Ẹ tẹ nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì. Wọ́n á to gbogbo àwọn tó ń gba owó orí lórí ilé yín síbẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ ìlú kan nínú wọn, ẹ ti wà nínú ìlú. Bí ó bá jẹ́ káúńtì, ilé-ìwé, MUD àti ESD nìkan ni ẹ rí, orí ilẹ̀ káúńtì tí kò sí lábẹ́ ìlú kankan ni ẹ wà, ESD yẹn ló sì ń sanwó àwọn tó máa wá tí ilé bá ń jó. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

ESD kì í ṣe ẹ̀ka káúńtì o. Àjọ tó dá dúró ni, àwọn olùdìbò ló dá a sílẹ̀, ó sì ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ káúńtì, ìgbìmọ̀ àwọn kọmíṣọ́nnà káúńtì ló ń yàn wọ́n. Ní Harris, ìdìbò ni wọ́n fi ń wọlé. Ọdún 1987 ni àwọn ará Texas dìbò kí irú àjọ báyìí lè wà, tí wọ́n fi kún ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ní Apá 3, abala 48-e. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí owó tó lè gbà: kò gbọ́dọ̀ ju sẹ́ǹtì 10 lọ lórí 100 dọ́là. Ilé tí wọ́n dá 350,000 dọ́là lé kò lè san ju 350 dọ́là lọ fún ESD kan lọ́dún. Àwọn àjọ panápaná ìgbèríko ìjọ́un, tí òfin kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn gbà ju sẹ́ǹtì 3 lọ, ti di ESD láti ọdún 2003. Orí 775 nínú òfin ìlera àti ààbò Texas ló ń darí gbogbo wọn, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí orí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí máa padà sí.

Àwọn MUD kan tún wà tó ń gba owó panápaná lára bíìlì omi. Òfin omi, abala 49.351, fún wọn láyè. Nítorí náà bí ẹ kò bá rí ESD lórí ìwé owó orí yín, ẹ wo bíìlì omi kí ẹ tó sọ pé ẹ kì í sanwó panápaná.

Ẹ wá bèèrè irú gbígbà tí ìlú fẹ́ gba ilẹ̀ yín, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé owó orí ọjà nìkan ni ìlú ń wá. Houston ti bá ọ̀pọ̀ MUD ṣe irú àdéhùn yìí, lábẹ́ abala 43.0751 nínú òfin ìjọba ìbílẹ̀: wọ́n á fa ṣọ́ọ̀bù, ilé epo àti ilé oúnjẹ tó wà létí títì ńlá mọ́ ìlú, wọ́n á gba owó orí ọjà wọn, wọ́n sì sábà máa ń pín in sí méjì dọ́gba pẹ̀lú MUD. Ìlú kò ní gba owó orí ilé lọ́wọ́ yín, panápaná yín kò sì yí padà. Ẹni tí lẹ́tà irú èyí bá dé bá, kó fọkàn balẹ̀. ESD tó bá fẹ́ gba owó orí ọjà ni ọ̀rọ̀ lè dùn, torí gbogbo owó orí ọjà tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lápapọ̀ lè gbà ní Texas kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tí Houston bá mú ìdá 1, tí METRO tó ń wa bọ́ọ̀sì mú ìdá 1, kí ló kù fún panápaná níbẹ̀?

Irú kejì ni èyí tí ìlú fi ń gba ilẹ̀ pátápátá. Tẹ́lẹ̀, ìlú lè gbà yín láìbi yín léèrè. Àwọn tó ti pẹ́ níbí kò gbàgbé Kingwood. Oṣù Kejìlá ọdún 1996 ni Houston gbà á, àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́, kò sì sí ìdìbò kankan. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n tún òfin ṣe ní 1999. Ní 2017 òfin SB 6 dí ọ̀nà yẹn mọ́ àwọn ìlú tó wà ní káúńtì ńlá, nígbà tó sì di ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, HB 347 tì í pa káàkiri ìpínlẹ̀, àfi àwọn ọ̀ràn díẹ̀. Lónìí, bí àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà kò bá tó 200, ìlú gbọ́dọ̀ rí ìwé tí ó ju ìdajì àwọn olùdìbò ibẹ̀ lọ fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá tó 200 sókè, ìdìbò ni. Bí àwọn olùdìbò náà kì í bá ṣe àwọn ló ni èyí tó ju ìdajì ilẹ̀ lọ, àwọn onílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù báyìí, tí àwọn ará wa kì í sì í kíyè sí, ni kí onílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá ìlú. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé tà ra pápá màlúù, ó ní kí ìlú gbà á mọ́ra kó lè rí omi àti páìpù ìdọ̀tí, ó buwọ́ lùwé, ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn ọdún méjì ni ẹ̀yin wá ra ilé tuntun tó ń dán gbinrin. Ẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín panápaná. Ẹni tó bá ń ra ilé tuntun, kó bèèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí ìlú àti onílẹ̀ jọ ṣe, lábẹ́ abala 43.0672. Wọ́n gbọ́dọ̀ to gbogbo iṣẹ́ tí ìlú máa ṣe lórí ilẹ̀ náà sínú rẹ̀, àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ panápaná níbẹ̀. Òfin kan náà sọ pé iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ìwé náà, kò di dandan fún ìlú láti ṣe é. Bí ẹ bá kàn rí i pé “ìlú yóò pèsè ààbò lọ́wọ́ iná,” ẹ tún bèèrè: láti ibùdó wo? Máìlì mélòó? Ṣé àwọn tó ń gbowó oṣù ló máa wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, àbí àwọn afara-ẹni-ṣiṣẹ́ tó máa ti ilé wọn wá?

Fún ilẹ̀ tí kò tíì sí nínú ìlú, Property Code abala 5.011 ní kí ẹni tó ń tà á sọ fún ẹni tó ń rà pé ìlú lè wá gbà á lọ́jọ́ kan. Ó wà nínú òkìtì ìwé tí ẹ ń buwọ́ lù lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀ pé ẹ kò kà á.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Kí ìlú gba ilẹ̀ yín kò túmọ̀ sí pé ẹ ti kúrò lọ́wọ́ ESD. Lẹ́tà kan ló ń yọ yín, bí kò bá sì sí lẹ́tà yẹn, inú ESD lẹ ṣì wà. Abala 775.022 ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí ìlú bá ti parí gbogbo ètò gbígba ilẹ̀, tó sì fẹ́ yọ ọ́ kúrò lára ESD kó lè jẹ́ òun nìkan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ pàjáwìrì níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ESD láti sọ bẹ́ẹ̀. Ímeèlì kò tó, ìpè fóònù kò sì tó. Lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń pè ní certified mail ni, èyí tí wọ́n lẹ káàdì aláwọ̀ ewé kékeré mọ́ lẹ́yìn, tí ẹni tó gbà á máa buwọ́ lu káàdì náà, kí ó sì padà sọ́dọ̀ ìlú. Títí akọ̀wé yóò fi gba lẹ́tà yìí, ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ara ESD. Ọjọ́ tó bá sì gbà á, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ yí àkọsílẹ̀ wọn padà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ṣíwọ́ iṣẹ́ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀, ni òfin wí. Kò fún ẹnikẹ́ni ní oṣù kan láti palẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má bèèrè ọjọ́ tí ìlú dìbò nìkan. Ọjọ́ tó wà lórí káàdì aláwọ̀ ewé yẹn ni panápaná yín yí padà.

Òfin náà tún sọ pé kò pọn dandan kí ìlú yọ ilẹ̀ tó gbà kúrò lára ESD. Àwọn ìlú mìíràn kò ní agbára láti gbé ọkọ̀ panápaná dé ibi tí wọ́n gbà, torí náà wọ́n á fi ESD sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ó wá máa san ti ìlú, ẹ ó sì máa san ti ESD. Àwọn ènìyàn máa ń bínú sí èyí, wọ́n á ní owó méjì fún iṣẹ́ kan. Èmi kò bá wọn bínú. Ti Houston láìpẹ́ yìí lé díẹ̀ ní sẹ́ǹtì 51 lórí 100 dọ́là, ìyẹn bí 1,800 dọ́là lórí ilé 350,000 kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, 350 dọ́là ESD fún ọkọ̀ tó wà nítòsí kò pọ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹ máa san méjèèjì láìmọ èwo nínú wọn ló ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbèsè wà níbẹ̀ náà. ESD máa ń yá owó kọ́ ibùdó, ó máa ń yá owó ra ọkọ̀. Bí ìlú bá yọ apá kan kúrò, ta ló máa san gbèsè tí wọ́n jẹ lórí apá yẹn? Òfin ní ìlú ni, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti kúrò gẹ́lẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gbogbo ilé àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ESD kan jẹ́ bílíọ̀nù 3 dọ́là, èyí tí ìlú gbà jẹ́ mílíọ̀nù 150, gbèsè ESD sì jẹ́ mílíọ̀nù 6. Mílíọ̀nù 150 jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù 3, nítorí náà ìdá 5 nínú gbèsè náà, 300,000 dọ́là, ni ìlú máa san. Gbèsè nìkan ni ESD sì lè fi owó yẹn san. Bí ESD bá tún bèèrè, ìlú gbọ́dọ̀ ra ibùdó tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ń lò fún apá tó kúrò, ní iye tó bá tó lọ́jà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbèsè tí ìlú ti san lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọn kò gbà, tí ẹ ṣẹ́ kù sínú ESD, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ bèèrè bóyá ìlú ti san, torí bí kò bá san, ẹ̀yin lẹ ó máa san gbèsè ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Báwo lẹ ṣe máa rí gbogbo èyí? Ìgbìmọ̀ ìlú àti ìgbìmọ̀ ESD, kò sí èyí tó lè ṣe ìpàdé ní ìkọ̀kọ̀ láìlẹ àjẹ́ńdà síta, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú. Láti 2019, òfin ní kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wà nínú àjẹ́ńdà kí wọ́n tó parí rẹ̀. Wọ́n lè fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ èdè abínibí rẹ̀, tó mú ògbufọ̀ wá, ìlọ́po méjì àkókò yẹn ni òfin fún un, àyàfi bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu. Màmá kan tó ń gbé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò kan níbí lo àǹfààní yẹn. Ó dìde, ó fi Yorùbá kí wọn, ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ibùdó tí ẹ ní ẹ ó ti máa wá yìí wà ní òdìkejì ojú irin. Bí reluwé bá dúró síbẹ̀, ibo lẹ máa gbà?” Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ti rò ó. Èmi fúnra mi, ǹ bá má rò ó.

Fún ìwé, ẹ lo òfin tó fún ará ìlú láyè láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba ní Texas. Ẹ kọ̀wé sí ìlú àti sí ESD. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láti fún yín, tàbí kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín, tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ pé àwọn kò fẹ́. Ẹ bèèrè ẹ̀dà lẹ́tà abala 775.022 àti káàdì tí wọ́n buwọ́ lù, ìṣirò gbèsè, àti máàpù tó fi ibi tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ń dé hàn. Ẹ má kọ ìtàn gígùn sínú ìwé náà, wọn kì í dáhùn ìtàn.

Ó wá kan iṣẹ́ mi. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ISO máa ń fún panápaná ìlú kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ń wò; 1 ló dára jù, 10 ni pé kò sí ààbò tó ṣeé kà sí. Ilé tó ju máìlì 5 lọ sí ibùdó sábà máa ń bọ́ sí 10. Èyí tó wà láàárín máìlì 5 ṣùgbọ́n tó ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ojú omi panápaná, ẹnu páìpù etí títì tí wọ́n ti ń fa omi, kì í gba máàkì kan náà pẹ̀lú èyí tó sún mọ́ ọn. Ojú títì ni wọ́n fi ń wọn máìlì yẹn, kì í ṣe ìlà tààrà orí máàpù. Ẹ wakọ̀ lọ síwájú ibùdó, ẹ dá nọ́ńbà máìlì ọkọ̀ padà sí òdo, kí ẹ wà á padà sílé. Láti mọ ojú omi, ẹ jáde lálẹ́: dígí búlúù kékeré tó ń tàn sí iná ọkọ̀ láàárín títì ló ń fi ibẹ̀ han panápaná.

Gbígbà mọ́ ìlú lè mú kí máàkì yín dára sí i, panápaná Houston wà ní 1. Ó sì lè bà á jẹ́, bí ìlú kékeré kan bá gbà yín lọ́wọ́ ESD tó ní ibùdó nítòsí, tí ìlú náà kò sì tíì kọ́ tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan ní ìṣirò tiwọn tí kò tẹ̀ lé ISO, nítorí náà ẹ bi ajẹ́ńtì yín tààrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé oúnjẹ tàbí gbọ̀ngàn ayẹyẹ lórí ilẹ̀ káúńtì, ọ̀gá panápaná káúńtì ló ń wá yẹ ilẹ̀kùn àti èrò inú gbọ̀ngàn yín wò. Tí ẹ bá bọ́ sínú ìlú, ìwé àṣẹ ìlú àti àwọn aṣàyẹ̀wò ìlú ni. Ẹ má dúró de ọjọ́ Sátidé tí àlejò ti kún inú gbọ̀ngàn kí ẹ tó mọ̀.

Gbogbo èyí, Texas nìkan ni. Àwọn ará wa ní Illinois, òfin tiyín yàtọ̀: ìlú gbọ́dọ̀ fún àwọn alábòójútó àjọ panápaná ní ìwé, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kó tó gba ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì sábà máa ń kúrò lọ́wọ́ àjọ náà fúnra rẹ̀, láìsí lẹ́tà bíi tiwa.

Bí ilé bá ń jó, 911 ni kí ẹ pè, ẹ má ro ti ẹni tó ni yín. Àwọn panápaná ní àdéhùn láti ran ara wọn lọ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí iná kò sí, ẹ pe nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn méjèèjì, ti ìlú àti ti ESD, kí ẹ dárúkọ ilé yín, kí ẹ ní, “Ṣé tiyín ni?” Bí méjèèjì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí tí méjèèjì bá ní rárá, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dáhùn sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ìpàdé ESD tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì yín kí inṣọ́ránsì tó tún yí ọdún.